Ta Ló Ń Bá Ọ Wo Iṣẹ́ Ọwọ́ Rẹ?

Ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan tó ń gbé ládùúgbò wa níbí, lẹ́yìn Ojú Ọ̀rẹ́, wá kan ilẹ̀kùn mi láago mẹ́jọ àárọ̀. Ṣífítì alẹ́ ló ti ń bọ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ló ti ń ṣiṣẹ́. Aago méje alẹ́ ni wọ́n ń wọlé, aago méje àárọ̀ ni wọ́n ń jáde, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ìdérí ìgò ni ẹ̀rọ iwájú rẹ̀ ń tu síta mọ́jú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó máa wo àwọn ìdérí náà bí wọ́n ṣe ń kọjá, kó máa ṣa èyí tó bàjẹ́ kúrò láàárín èyí tó dáa.

Ó gbé nǹkan kan lọ́wọ́ tó fi ìwé ìròyìn wé. "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí." Àwòrán ìyá arúgbó kan ni, ó fi ọ̀dà yà á sórí páálí. Mo wò ó, bóyá ká ní mo ka oókan dé ẹẹ́wàá. Mo ní, "Ó dáa gan-an. O gbìyànjú." Ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó lọ sùn. Èmi náà padà sídìí kọ̀ǹpútà mi, ìròyìn kan ló ń lé mi lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a pàdé nídìí ìyá oníbúrẹ́dì. Mo bi í pé àwòrán ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti jáwọ́. Mo ní kí ló dé, ṣé owó ọ̀dà ni? Ó ní owó ọ̀dà kọ́.

"Bọ̀dá, gbogbo ẹni tí mo fi hàn ló ní ó dáa. Mo gbé e sórí Instagram, wọ́n fi iná sí i, wọ́n fi ọkàn sí i. Ẹ̀yin náà ní ó dáa. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè kan. Ìdérí ìgò lásán tí mò ń ṣà, ọ̀gá ṣífítì máa ń wá wò ó. Á ní èyí tí o mú yìí kọ́, ìyẹn ló bàjẹ́, wo etí rẹ̀ dáadáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Torí èmi gan-an mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tí mo wà ní póòlì, olùkọ́ wa kan wà tó máa ń fi bírò pupa ha gbogbo ìròyìn tí mo bá kọ. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" "O wà níbẹ̀ ni?" Mo kórìíra rẹ̀ nígbà náà. Ó ti lé lógún ọdún báyìí tí mo ti ń jẹun nídìí bírò pupa yẹn. Ọmọ tó gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá bá mi wá ń kọ́, mo kà á dé ẹẹ́wàá, mo ní ó dáa.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn. Gbogbo ìgbà la máa ń sọ pé kò sí owó fún àwọn oníṣẹ́ ọnà, kò sí iná, ìjọba ò ràn wọ́n lọ́wọ́. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí àwọn baba wa ní lọ́pọ̀ yanturu tí a ti sọ nù, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: àwọn èèyàn tó mọ nǹkan wò, tí wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ ohun tí wọ́n rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àkókò kúrò lọ́nà, torí mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ pé ṣífítì ló pa iṣẹ́ ọnà ọmọ náà. Amos Tútùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, tí wọ́n bí ní 1920, iṣẹ́ rọ bàbà rọ irin ló kọ́. Ó bá àwọn ológun òfuurufú òyìnbó ṣiṣẹ́ yẹn nígbà ogun Hitler. Nígbà tí ogun parí, iṣẹ́ tó rí ni iṣẹ́ méséńjà ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ l'Ékòó. Ibẹ̀ ló ti ń jókòó de ẹni tó máa rán an níṣẹ́, tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn sórí bébà. Ìtàn yẹn ni Faber and Faber tẹ̀ ní London ní 1952, tí gbogbo ayé mọ̀ sí The Palm-Wine Drinkard. Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, akọ̀wé ìjọba lòun náà l'Ékòó. Ó ń ya àwòrán lẹ́yìn iṣẹ́, ó ya ti ìyáàfin Spencer Savage ní 1906. Ọdún 1920 ló tó rí ọ̀nà lọ sí London láti lọ kọ́ṣẹ́ àwòrán nílé ẹ̀kọ́. Ẹ bá mi ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà yẹn, ọdún méjìdínlógójì.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Tútùọlá bú yín o. Méséńjà máa ń jókòó, ẹ̀rọ ike kì í jókòó. Ẹni tó bá dúró fún wákàtí méjìlá níwájú ẹ̀rọ tó ń gbóná, tó wá délé tí kò lè gbé bọ́rọ́ọ̀ṣì, ọ̀lẹ kọ́. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yàtọ̀ sí ìyẹn. Àwọn tó bínú sí Tútùọlá nílé níbí, tí wọ́n ní òyìnbó ẹnu rẹ̀ ń dójú ti àwọn ọ̀mọ̀wé, wọ́n kà á kí wọ́n tó bínú. Ìlà sí ìlà ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ọnàbólú náà, ìgbà ayé rẹ̀ ni àwọn òyìnbó ń sọ pé aláwọ̀ dúdú ò lè ya àwòrán èèyàn kó jọ èèyàn. Ojú tó ń wò wọ́n kò dáa, àmọ́ ojú ń wò wọ́n. Ọmọ àdúgbò mi, iná orí Instagram ni wọ́n fi wò ó.

Ó dáa, kí ni àwọn tó mọ nǹkan wò máa ń sọ?

Ní àwọn ọdún 1960, òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Robert Farris Thompson rìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Yale ló ti ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, 2021 ló kú. Ohun tó ṣe rọrùn, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Tó bá dé ìlú kan, á to ère mélòó kan sílẹ̀. Àwọn èèyàn á pé lé e lórí bí a ṣe máa ń pé lé àlejò lórí. Á wá ní ta ló lè bá òun tò wọ́n, láti orí èyí tó dáa jù dé èyí tó kẹ́yìn, kí onítọ̀hún sì sọ ìdí ẹ̀. Á fún un ní owó díẹ̀. Kì í ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà nìkan ló dá a lóhùn. Àgbẹ̀ wà níbẹ̀, ìjòyè wà níbẹ̀, oníṣòwò wà níbẹ̀. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ òyìnbó ìgbà náà ló gbà pé àwa kàn ń gbẹ́ ère fún òrìṣà ni, pé a kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó rẹwà tàbí kò rẹwà.

Ọ̀rọ̀ tó gbà sílẹ̀ lẹ́nu wọn wà nínú àròkọ kan lórí lámèyítọ́ iṣẹ́ ọnà Yorùbá, nínú ìwé The Traditional Artist in African Societies tó jáde ní 1973. Mo tún àròkọ náà kà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tí ọmọ yẹn bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà.

Jíjọra ni èyí tó gba àkókò mi jù. Ẹ má rò pé ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ère jọ èèyàn bíi fọ́tò. Ó gbọ́dọ̀ jọ èèyàn débi tí a ó fi mọ̀ pé èèyàn ni, kò sì gbọdọ̀ jọ ẹnì kan pàtó jù. Àárín méjì ni wọ́n fẹ́. Tó bá jọ jù, kò kù síbì kan tí gbẹ́nàgbẹ́nà gbé lo orí ara rẹ̀. Tí kò bá jọ rárá, igi ṣì ni. Ibi tí ọwọ́ oníṣẹ́ ọnà wà ni àárín yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìfarahàn. Kí gbogbo ẹ̀yà ara hàn: ojú hàn, etí hàn, ìlà ojú hàn, ìka ọwọ́ ṣeé kà. Ère tí ojú rẹ̀ bá rọra yọ́ wọnú ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọn á ní kò hàn, wọn á gbé e sí ẹ̀yìn. Dídán tún wà, kí ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè ṣeré lórí ẹ̀ kí òjìji sì rí ibi sá sí. Èyí tí ẹ̀yin náà ń lò láìmọ̀ ni gígún, torí ẹ máa ń sọ pé nǹkan gún régé. Kò tẹ̀ sápá kan, ọ̀tún bá òsì mu.

Ìkẹyìn nínú èyí tí mo fẹ́ mú ni ọ̀dọ́. Kí ère fi èèyàn hàn nígbà tí agbára rẹ̀ pé. Ẹ wo ère ìbejì. Ọmọ tó kú ní oṣù mẹ́ta ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún, àmọ́ ẹ óò rí i tó ní ọmú lọ́mú, tó ní ìlà lójú, tó dirun gogoro, tó dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì bí àgbà. Àgbàlagbà tó ti hewú náà, tí wọ́n bá máa gbẹ́ ẹ, wọn á dá a padà sí ìgbà tí ara rẹ̀ le. Láàárín ìkókó àti arúgbó ni wọ́n ti ń pàdé gbogbo èèyàn.

Kò sí èyí tó ṣòro nínú àwọn ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá mi tí kò mọ̀wé máa ń lo mẹ́ta nínú wọn fún irun dídì nìkan. "Ìpàkọ́ yìí ò hàn. Kò gún. Tú u." Ẹni tó bá ti jókòó sáàárín ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ rí mọ ohun tí "tú u" ń ṣe fún èèyàn.

Ọ̀tà tí à ń gbé yìí gan-an, kí àwọn ẹ̀rọ tó dé, ìlú Àwórì tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti rẹsẹ̀ walẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń kọjá lábẹ́ bíríjì Sango lójoojúmọ́ mọ ilé iṣẹ́ wa, ẹ mọ àwọn ilé ìjọsìn ńlá wa, ẹ sì mọ gó-sìló wa. Àmọ́ àwọn tó ṣèwádìí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dáadáa, bíi Henry Drewal àti Margaret Thompson Drewal tí ìwé wọn jáde ní 1983, wọn ò yọ Ọ̀tà sílẹ̀. UNESCO náà kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 pé ogún ìran ènìyàn ni, wọ́n sì fi í sínú àkójọ wọn ní 2008, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo.

Ẹ wo orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan dáadáa tẹ́ ẹ bá dé mùsíọ́ọ̀mù. Apá méjì ló ní. Ìsàlẹ̀ ni ojú èèyàn, ojú tútù, tí kò bínú, tí kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn kì í sábà yí padà láti ọwọ́ baba dé ọwọ́ ọmọ. Orí ojú yẹn ni gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń gbé ohun tó bá wù ú sí: ejò àti ẹyẹ tó ń jà, ẹ̀rọ ìránṣọ, alùpùpù, ọkọ̀ òfuurufú, ohunkóhun tí ìlú bá ń sọ lọ́wọ́. Ìsàlẹ̀ dúró, òkè ń sáré. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí àṣà àti àrà tuntun ṣe ń gbé inú ilé kan láìjà, kó lọ wo orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

Àwọn tó wá wòran níbi ijó yẹn kì í ṣe òǹwòran lásán. Ní òru, Ẹ̀fẹ̀ á jáde, á kọrin, á bá ìlú wí. Lọ́jọ́ kejì, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á jó, èrò á sì máa dá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lẹ́jọ́. Wọ́n mọ ohun tí ìlù ń wí, wọ́n mọ ibi tó yẹ kí ṣaworo ẹsẹ̀ bá ọwọ́ onílù pàdé. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ sí ibi tí ìlù kò sí, ilé ló máa ti mọ̀. Nítorí náà ó kọ́ ijó yẹn kó tó jáde. Ìbẹ̀rù àwọn tó mọ̀ ló mú un kọ́ ọ.

Nínú ìwé 1973 yẹn kan náà, William Bascom tó ṣèwádìí ní Ìmẹ̀kọ, nínú ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, ní 1950 sí 1951, kọ odindi àròkọ lórí gbẹ́nàgbẹ́nà kan ṣoṣo níbẹ̀, Duga. Mo mẹ́nu bà á torí pé àwọn kan máa ń sọ pé ayé àtijọ́ ò mọ orúkọ oníṣẹ́ ọnà, pé ìlú ló ni iṣẹ́. Irọ́ ni. Òyìnbó tó gbé ère lọ ni kò béèrè orúkọ.

Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́ tún wà níbẹ̀. Lamidi Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ, tí wọ́n bí ní Ìlá Ọ̀ràngún ní 1928, tó sì kú ní 2009, ìdílé gbẹ́nàgbẹ́nà ló ti wá, orúkọ rẹ̀ gan-an ń sọ ọ́. Ó ti ń gbẹ́gi nílé kó tó lọ sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì lọ di ọmọ iṣẹ́ George Bándélé, ọmọ Àrẹ̀ògún Òsì, lábẹ́ Fadá Kevin Carroll. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ṣe, ó tún lọ jókòó síwájú ẹlòmíì. Carroll kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1967 pé ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ igi gbígbẹ́ ń gbà. Ọnà lílé ni àkọ́kọ́, àáké kékeré ni wọ́n fi ń gé igi kí orí, àyà àti ẹsẹ̀ lè yọ gẹ́gẹ́ bí òkìtì mẹ́ta. Alétúnlé ló tẹ̀ lé e, wọ́n á tún àwọn òkìtì náà pín sí kéékèèké, imú á yọ, etí á yọ. Dídán ni ìkẹta. Fínfín ni ìkẹrin, ọ̀bẹ ni wọ́n ń lò fún un, ibẹ̀ ni ìlà ojú, irun orí àti ọnà ara aṣọ ti ń jáde.

Fínfín ni gbogbo wa ń rí. Ó dùn-ún wò, òun ló ń jẹ́ kéèyàn pariwo. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀bẹ tó lè fi fínfín tún ọnà lílé tí kò dáa ṣe. Tí orí bá ti kéré jù fún ọrùn nígbà tí wọ́n ń fi àáké gé e, bó o ṣe fín irun náà tó, orí kékeré náà ni. Àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń bá pàdé ní Sango tí wọ́n ń ṣe orin, tí wọ́n ń ṣe fídíò, ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi fínfín bẹ̀rẹ̀. Ètò tí ń tún ohùn ṣe ti wà lórí fóònù, àwọ̀ fídíò ti tàn yòò, orin fúnra rẹ̀ ò tíì mọ ibi tó ń lọ. Mi ò bú wọn. Kò sẹ́ni tó dúró tì wọ́n nídìí ọnà lílé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó ti kọ́ni ní Amherst College ní Amẹ́ríkà, sọ nǹkan kan tó ń bá mi rìn títí di òní. Ó ní inú ọ̀rọ̀ náà "ṣà" ni "àṣà" ti wá. Ṣà, kéèyàn yan èyí sílẹ̀ láàárín ìyẹn. Àwa máa ń lo àṣà bíi pé ohun tí kò ṣeé yí padà ni, àṣà wa, àṣà baba wa. Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ ni pé àwọn kan jókòó, wọ́n yàn án, wọ́n sì ń tún un yàn. Abíọ́dún náà ló kọ púpọ̀ nípa ojú inú àti ojú ọnà. Ojú inú ni oníṣẹ́ ọnà fi ń rí ohun tí kò tíì sí. Ojú ọnà ló fi ń mọ̀ bóyá èyí tó ti ṣe dára. Èyí kejì yẹn, oníṣẹ́ ọnà nìkan kọ́ ló yẹ kó ní i.

Ẹ padà sí ìbejì díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ike ti bá ère pàdé. Láyé àtijọ́, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ìdílé á lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà. Ìyá á máa wẹ ère, á máa fún un lóúnjẹ, á máa wọṣọ fún un. Nígbà tó yá, tí onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí pọ̀, tí owó sì le, àwọn ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí í ra bèbí ike lọ́jà. Marilyn Houlberg kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1973. Bèbí tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, tí gbogbo wọn jọra bí ìdérí ìgò, ló gba ipò ère. Ṣé ẹ rí i, ilé iṣẹ́ ike ti wọ inú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà Yorùbá kí wọ́n tó bí ọmọ àdúgbò mi.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn onífọ́tò ṣe ní tiwọn. Stephen Sprague kọ nípa èyí ní 1978, Ìlá Ọ̀ràngún wà lára ibi tó ti rí i. Tí ìbejì kan bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò àwọn méjèèjì, onífọ́tò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á tẹ àwòrán méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan, kí wọ́n lè jókòó ti ara wọn. Tó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, á ya ọmọ náà pẹ̀lú aṣọ ọkùnrin, á tún yà á pẹ̀lú aṣọ obìnrin. Ẹ̀rọ òyìnbó ni kámẹ́rà, ẹ̀dà ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun ni wọ́n fi dá ọmọ tó ti kú padà fún ìyá rẹ̀. Mi ò rò pé onífọ́tò yẹn pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́ ọnà. Ìyá kan dúró síwájú rẹ̀, ó mọ ohun tó ń fẹ́, ó sì máa mọ̀ tí kò bá rí bẹ́ẹ̀.

Kí n má parọ́, a ṣì ní àwọn tó mọ nǹkan wò ní Sango níbí. Ẹ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ kí àwọn obìnrin tó wá gba aṣọ òde ọjọ́ Sátidé. "Apá yìí ń fà mí." "Ọrùn ẹ̀ gbòòrò." "Mo ní kó gba ìdí, mi ò ní kó fún mi pa." Lámèyítọ́ gidi nìyẹn, kò sí iná orí fóònù níbẹ̀. Àwọn àgbà tó ń gbọ́ fújì náà, ẹ bi wọ́n léèrè ìyàtọ̀ Barrister àti Kollington, ẹ ò ní sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Télọ̀ wa mọṣẹ́, fújì sì dàgbà, mi ò sì rò pé ó ṣèèṣì. Níbi tí ojú bá ti mú, ọwọ́ máa ń mú. Àwòrán, ìtàn kíkọ àti fídíò la wá ń gbóṣùbà fún láìwò.

Nígbà tí mo ka gbogbo èyí tán, mo lọ bá ọmọ náà lọ́jọ́ Àìkú kan ní bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo ní kó gbé àwòrán ìyá arúgbó yẹn jáde. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ló ti fà á yọ, eruku ti bò ó. A gbé e ti ògiri níta, mo jókòó sórí kírétì, mo wò ó dáadáa lọ́tẹ̀ yìí.

Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Mo ní inú fóònù lo ti wo fọ́tò yìí yà, àbí? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní mo mọ̀, torí ìmọ́lẹ̀ fóònù wà nínú ẹyinjú ìyá náà, o yà á mọ́ ọn, ó ti jọ jù níbẹ̀. Mo ní ojú hàn, ẹnu hàn, àmọ́ ọwọ́ ò hàn, aṣọ ti gbé ọwọ́ méjèèjì mì. Mo wá sọ fún un nípa ọ̀dọ́, pé àwọn àgbà ì bá ti dá ìyá yìí padà sí ìgbà tí ara rẹ̀ le.

Ó dákẹ́ títí. Mo rò pé mo ti bà á nínú jẹ́. Ó wá ní, "Bọ̀dá, ìyá ìyá mi nìyí. Mi ò mọ̀ ọ́n lọ́dọ̀ọ́. Bó ṣe hunjọ yìí ni mo ṣe mọ̀ ọ́n. Tí mo bá nu ìyẹn kúrò, ta ni mo wá yà?"

Mi ò rí èsì fún un. Mo ṣì ń rò ó. Bóyá àárín jíjọra tirẹ̀ wà níbòmíì tó yàtọ̀ sí tàwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yàn án.

"Ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn, òótọ́ ni," ó tún sọ bẹ́ẹ̀. "Èmi náà mọ̀. Mo fi aṣọ bò ó ni, torí mi ò mọ ọwọ́ yà."

Ó wọlé, ó mú pẹ́ńsù jáde, ó ní kí n gbé ọwọ́ mi lé orúnkún, kí n má mira. Ó ya títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Nígbà tí aago mẹ́fà fi ogún ìṣẹ́jú kọjá, ó dìde, ó ní ọ̀kadà ti máa wọ́n ní ìyànà, ọ̀gá ṣífítì kì í sì í gba àlàyé. Ó ní kí n bá òun tọ́jú páálí náà sọ́dọ̀. Ìka mẹ́ta ló tíì yà.